Ìkòkò Oníná Wọlé Dé: Kí Ni Yóò Máa Sè Fún Wa?

Ní ilé ìyá mi ní àdúgbò Djama, páálí ńlá kan wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù fún odidi oṣù méjì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni ó gbé e wá láti Lomé. Ó ní ìkòkò oníná mànàmáná ni, pé ó ń se ìrẹsì, ó ń se ẹran, ó ń dín nǹkan, ó sì ń mú kí oúnjẹ gbóná títí di alẹ́. Ìyá mi dúpẹ́, wọ́n súre fún un títí omijé fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú ọmọ náà. Nígbà tí ó lọ tán, wọ́n ta aṣọ funfun lé páálí náà lórí, wọ́n gbé fọ́tò bàbá wa tó ti dolóògbé kalẹ̀ sórí aṣọ, wọ́n sì padà sí ìdí ààrò eédú wọn.

Inú bí mi díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Mo rò pé àgídí àgbà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo béèrè ìdí rẹ̀, ìdáhùn wọn dá mi dúró: «Ọmọ náà ṣe dáadáa, Ọlọ́run yóò bá mi san án fún un. Ṣùgbọ́n kò béèrè ohun tí mò ń sè lọ́wọ́ mi kí ó tó rà á. Ṣé ìkòkò yìí mọ odó ni?»

Ìbéèrè yẹn ni ó bí ọ̀rọ̀ tòní. Láàárín oṣù yìí nìkan, ènìyàn mẹ́ta ni ó ti bi mí léèrè nípa irú ìkòkò bẹ́ẹ̀: olùkọ́ ọ̀dọ́ kan ní Agbonou tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba owó oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́, ìyàwó tuntun kan ní Gnagna, àti akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ fún ìyá rẹ̀ ní Gléï. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́ mọ èyí tí ó dára jù. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tí ó sọ iye ẹnu tí ó wà nílé fún mi, tàbí iye ampère tí ó wà lára disjoncteur wọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ohun méjèèjì yìí ṣe pàtàkì ju orúkọ tí a kọ sí ara ìkòkò lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń sọ. Omi tí ó ń hó nínú ìkòkò tí a ṣí sílẹ̀ kì í gbóná ju ìwọ̀n 100 lọ, bí ó ti wù kí iná abẹ́ rẹ̀ pọ̀ tó. Ooru a kàn máa fò lọ ni. Ní ọdún 1679, ará Faransé kan tí ń jẹ́ Denis Papin, tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, ṣe ìkòkò irin kan tí ìdérí rẹ̀ dé pinpin. Ooru kò rí ọ̀nà jáde, omi inú rẹ̀ gbóná kọjá 100, egungun pàápàá sì rọ̀ nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ SEB ní ilẹ̀ Faransé mú Cocotte-Minute jáde ní ọdún 1953. Àwọn ìyá kan láàárín wa ṣì ní irú rẹ̀ tí ó ń súfèé lórí gáàsì. Ní 1955, Toshiba ní Japan ta ìkòkò ìrẹsì oníná tí ń pa ara rẹ̀ nígbà tí ìrẹsì bá jinná. Nígbà tí ó di 2010, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní Kánádà so ọgbọ́n méjèèjì pọ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré tí ń ka ìṣẹ́jú sí i, wọ́n sì pè é ní Instant Pot. Moulinex mú Cookeo tirẹ̀ jáde ní 2012. Lónìí, àwọn ilé iṣẹ́ Ṣáínà ń ṣe oríṣiríṣi rẹ̀, orúkọ wọn kò sì lópin lọ́jà.

Nítorí náà, bọ́tìnì mẹ́rìnlá kì í ṣe ìkòkò mẹ́rìnlá. Iṣẹ́ mẹ́rin péré ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ wọn: ó ń há ooru mọ́ oúnjẹ, ó ń dín nǹkan láìdé e, ó ń sè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún wákàtí púpọ̀, ó sì ń mú oúnjẹ gbóná. Ìyókù, ti ìrẹsì, ti ẹran, ti ọbẹ̀, iye ìṣẹ́jú tí ilé iṣẹ́ ti yàn sílẹ̀ ni. Ẹni tí ń tajà yóò máa ka bọ́tìnì fún yín bí ẹni ń ka oríkì. Ẹ gbọ́ ọ tán, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi owó kún owó nítorí rẹ̀.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo jókòó ti ìyá mi, mo mú ìwé àti bíróò, a sì kọ gbogbo ohun tí wọ́n sè láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àìkú. Iyán lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ̀wà àti ìrẹsì àsèpọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àkàsà lẹ́ẹ̀kan. Ọbẹ̀ gbọ̀mà, ọbẹ̀ ẹ̀pà, ọbẹ̀ adémè tí àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pè ní ewédú. Ẹran ewúrẹ́ kan tí ó ti dàgbà ju bí ó ṣe yẹ lọ. Lẹ́yìn náà mo béèrè pé èwo ni ó ń jẹ eédú jù nínú gbogbo wọn. Mo rò pé wọn yóò dárúkọ iyán, nítorí iyán ni iṣẹ́ tí a ń rí, òun ni a ń gbọ́ ariwo rẹ̀ láti ojú títì. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Iṣu kì í pẹ́ lórí iná. Apá ni iyán ń jẹ, kì í jẹ eédú. Ẹ̀wà ni ọ̀tá eédú, òun àti ewúrẹ́ arúgbó àti awọ màlúù. A óò gbé ẹ̀wà kaná láàárọ̀, a óò fi kánún sí i kí ó lè tètè rọ̀, a óò máa bu omi sí i, a óò máa da eédú kún eédú.

Ibẹ̀ ni ìkòkò oníná ti rí iṣẹ́ ṣe. Ẹ̀wà tí ó lè gba wákàtí méjì lórí ààrò, bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni yóò lò lẹ́yìn tí ooru bá ti kún ìkòkò náà, kò sì nílò kánún rárá. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún un fún gbígbóná, àti díẹ̀ sí i kí ooru tó rọlẹ̀. Ẹran ewúrẹ́ náà bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò dúró tì í, kò sí ẹni tí yóò fẹ́ ẹ. Ìrẹsì rọrùn jù, ṣùgbọ́n ẹ dín omi rẹ̀ kù, nítorí omi kì í fò lọ nínú ìkòkò tí a dé pa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó sọ pé ìkòkò yìí ń ba ìrẹsì jẹ́, omi ìkòkò àtijọ́ ni wọ́n ń wọ̀n sínú rẹ̀.

Ti iyán ńkọ́? Ìkòkò lè se iṣu fún wa, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò sì gbà, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́. Iṣu tí ó bá mu omi jù yóò ṣe iyán tí ó rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀. Ẹ bu omi díẹ̀ sí ìsàlẹ̀, kí ẹ gbé iṣu sórí agbọ̀n irin tí ó máa ń bá ìkòkò wá. Lẹ́yìn ìyẹn, odó ló kù. Àwọn ẹ̀rọ alábẹ kan wà tí àwọn tí ń tà wọ́n ń sọ pé wọ́n lè ṣe iyán. Abẹ a máa gé iṣu tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi máa lẹ̀ bí àtè. Ẹ̀rọ ìgúnyán tòótọ́ jẹ́ nǹkan mìíràn. Ní àwọn ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Makanjuola ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti ṣiṣẹ́ lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ní ìlú tí àwa Ifẹ̀ ti Togo, tí àwọn aládùúgbò wa ń pè ní Ana, ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí orírun wa. Ó dùn mọ́ mi láti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ odó kò jẹ́ kí àwọn ará ilé wa sùn.

Oúnjẹ tí a ń rò, àkàsà, àmàlà, ẹ̀kọ, kò gbọdọ̀ wọ inú ìkòkò tí a dé pa. Ó nípọn jù, ooru kò lè rìn nínú rẹ̀, ìsàlẹ̀ yóò jó, ó sì lè dí ihò tí ooru ń gbà jáde. Adémè pẹ̀lú kò fẹ́ kí a dé òun. Ọbẹ̀ ẹ̀pà, ẹ kọ́kọ́ se ẹran rẹ̀ pẹ̀lú ìdérí, kí ẹ wá ṣí i, kí ẹ po ẹ̀pà sí i, kí ẹ tẹ bọ́tìnì ìdín, kí ẹ sì máa rò ó bí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ọ̀rọ̀ iná. Agbègbè wa ti mọ iná mànàmáná tipẹ́. Láàárín 1911 sí 1914, àwọn ará Jámánì kọ́ ilé iṣẹ́ rédíò ńlá sí Kamina nítòsí Atakpamé, kí wọ́n lè máa bá Nauen ní ilẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Ooru omi tí a há mọ́ inú irin ni ó ń yí ẹ̀rọ iná wọn, ọgbọ́n Papin náà ni. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1914, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn bà á jẹ́ kí wọ́n tó túúbá fún Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Iná náà kò se ìkòkò ẹ̀wà kan fún wa. Lẹ́yìn náà ni ìdídò Nangbéto lórí odò Mono bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1987, tí Togo àti Benin jọ ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó fi oko àti ilé bàbá wọn sílẹ̀ fún omi náà. Bí mo bá gbọ́ pé iná wọ ilé ìdáná obìnrin kan ní agbègbè yìí, àwọn wọ̀nyẹn ni mo ń rántí.

Kí ẹ tó jáde lọ sí ọjà, ẹ lọ wo disjoncteur ilé yín. Ẹ ó rí nọ́ńbà kan lára rẹ̀: 5, 10, 15. Ẹ fi 220 sọ ọ́ di púpọ̀. Ampère 5 lọ́nà 220 jẹ́ watt 1 100. Ampère 10 jẹ́ 2 200. Ìkòkò oníná tí ó gba lítà mẹ́fà a máa gba nǹkan bí watt 1 000 nígbà tí ó bá ń gbóná. Nínú ilé ampère 5, ìkòkò yìí àti fìríìjì kò lè ṣiṣẹ́ pọ̀ láìjẹ́ pé iná já. Bí ẹnì kan bá tún gbé áyọ́ọ̀nù, òkùnkùn dé. Àwọn ìkòkò tí ó ní ìdérí kejì fún yíyan àti díndín láìlo òróró pọ̀ máa ń gba 1 500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé ampère 5 kò lè gbé ìyẹn rárá. Ẹ ka ìwé kékeré tí ó wà ní ìdí ìkòkò náà kí ẹ tó sanwó, kì í ṣe ohun tí a kọ sí páálí lóde.

Ìwé kékeré yẹn kan náà yóò sọ iye volt fún yín. Ìbátan mi kan tí ó ń gbé ní Amẹ́ríkà fi ìkòkò rere ránṣẹ́ sí ilé. Ti 120 volt ni. A wá ohun tí a fi lè so ó mọ́ prise wa, a so ó, inú gbogbo wa sì ń dùn. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí ilé fi kún fún òórùn rọ́bà. Iná 220 tí ó bá wọ ìkòkò 120 yóò fún un ní ìlọ́po mẹ́ta agbára rẹ̀ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè tún ṣe sí i mọ́. Orí prise kò yí volt padà. Ti Nàìjíríà yàtọ̀: volt wọn sún mọ́ tiwa, orí onígun mẹ́ta wọn nìkan ni kò bá prise wa mu, oníṣẹ́ iná lè pààrọ̀ rẹ̀. Bí iná àdúgbò yín bá sì ń lọ sókè sódò, ẹ ra régulateur, kí ó jẹ́ èyí tí agbára rẹ̀ ju ti ìkòkò lọ. Rallonge tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń gba iná sí fóònù kò yẹ fún un. Yóò gbóná, yóò sì yọ́.

Iye owó iná ni ìyá mi bẹ̀rù jù. Watt 1 000 tí ó bá ṣiṣẹ́ láìdúró fún wákàtí kan ń jẹ yúníìtì kan lára compteur. Ṣùgbọ́n ìkòkò yìí kì í ṣiṣẹ́ láìdúró: nígbà tí ooru bá ti kún, yóò pa ara rẹ̀, yóò tàn, yóò tún pa. Ìkòkò ẹ̀wà kan lè jẹ nǹkan bí ìdajì yúníìtì. Bí a bá fi fàráńkì 100 fún yúníìtì kan ṣe ìṣirò, fàráńkì 50 nìyẹn. Ẹ fi iye tí ó wà lórí ìwé Cash Power yín rọ́pò tèmi. Ẹ ka compteur kí ẹ tó tàn án, kí ẹ tún kà á lẹ́yìn tí ó bá jinná. Lẹ́yìn náà kí ẹ bi ara yín léèrè iye eédú tí ẹ ń rà fún ẹ̀wà ọjọ́ kan. Ọ̀dọ́ tí ó bá ṣe ìṣirò yìí níwájú ìyá rẹ̀, pẹ̀lú pẹ́ńsù lọ́wọ́, yóò rí i pé ọ̀rọ̀ náà yóò wọlé ju ìwàásù lọ.

Ní ọjọ́ délestage, ìkòkò oníná di àga. Mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kí ó ta gáàsì rẹ̀ tàbí kí ó fọ́ ààrò. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ nígbà tí ẹ̀wà ti lo ogún ìṣẹ́jú, ẹ má ṣí i: ooru inú rẹ̀ yóò máa ṣiṣẹ́ lọ fún ìgbà díẹ̀.

Ní ti títóbi, lítà mẹ́fà tó fún ènìyàn márùn-ún sí mẹ́fà tí ń jẹun bí àwa ṣe ń jẹun. Bí ẹ bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, ẹ wá lítà mẹ́jọ, kí ẹ sì rántí pé a kì í kún un: ìdá méjì nínú mẹ́ta ni òpin, fún ẹ̀wà ìdajì péré, torí ẹ̀wà ń wú, ó sì ń hó ní ìfófòó. Ẹ yan èyí tí ìkòkò inú rẹ̀ jẹ́ irin tí kì í dípẹtà, bí ẹ bá rí i. Èyí tí a kùn ní dúdú dára fún ìrẹsì, ṣùgbọ́n ṣíbí irin àti kànìnkànìn tí a fi ń fọ ìkòkò ní ilé wa yóò bó o láàárín ọdún kan. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ẹni tí ń tà á bóyá ó ní rọ́bà ìdérí lọ́tọ̀. Rọ́bà yẹn ni yóò kọ́kọ́ bàjẹ́, láìsí i, ìkòkò ẹgbẹẹgbẹ̀rún fàráńkì kò wúlò mọ́. Bí kò bá ní in, ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.

Ewu rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà. Ooru tí ó ń jáde láti ihò orí rẹ̀ lè bó ọwọ́ ọmọdé. Kí ẹni tí ń tú u sílẹ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó lo ṣíbí gígùn, kó má sì fi tipátipá ṣí ìdérí tí kò tíì fẹ́ ṣí. Ẹ̀wà pupa ńlá, haricot rouge, ní oró kan tí bọ́tìnì sísè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kò lè pa. Ó gbọ́dọ̀ hó dáadáa fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó kéré tán. Nítorí náà ẹ má fi bọ́tìnì yẹn sè é.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mi ò fi jẹ́ kí ọ̀rọ̀ páálí orí kọ́bọ́ọ̀dù náà parí síbẹ̀. Ìyá mi ń wú ikọ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wú u, ní òwúrọ̀ pàápàá, a sì ti sọ ọ́ di ara ohùn wọn. Bí a kò bá gbọ́ ọ, a ó rò pé wọn kò sí nílé. Àjọ ìlera àgbáyé, OMS, sọ pé èéfín ilé ìdáná fa ikú ènìyàn mílíọ̀nù 3,2 ní ọdún 2020 nìkan. Nọ́ńbà náà tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi wọ̀ mí lára. Ikọ́ yẹn ni ó wọ̀ mí lára. Àwọn ọmọbìnrin wa tí ń fẹ́ iná kí wọ́n tó lọ sí ilé ìwé náà ń fa èéfín kan náà, ẹnikẹ́ni kò sì tíì máa pe ikọ́ tiwọn ní ohùn.

Mo gbé fọ́tò bàbá wa kúrò, mo fi í sí ara ògiri. Mo ní kí a fi ẹ̀wà nìkan dán ìkòkò náà wò, kí a fi gbogbo ìyókù sílẹ̀. Ìyá mi gbé àga wọn tì í, wọ́n ń wò ó bí ẹni ń ṣọ́ olè. Nígbà tí ooru tú jáde, wọ́n dìde. Nígbà tí mo ṣí i, wọ́n mú ẹyọ ẹ̀wà kan, wọ́n tẹ̀ ẹ́ láàárín ìka méjì, ó fọ́. Wọn kò sọ nǹkan kan. Wọ́n lọ da eédú tí wọ́n ti kó sínú ààrò padà sínú àpò.

Ó ti di oṣù kẹta báyìí. Ẹ̀wà àti ẹran ti kúrò lórí eédú; àkàsà àti adémè ṣì wà níbẹ̀, ikọ́ náà ṣì wà, ṣùgbọ́n àpò eédú kan ń pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá láti Lomé ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, ó sì rí i pé ẹ̀bùn rẹ̀ wà lórí tábìlì, ó ń ṣiṣẹ́. Inú rẹ̀ dùn, ó jókòó, ó ń retí oúnjẹ. Ìyá mi gbé ọmọ odó lé e lọ́wọ́. Wọ́n ní: «Ìkòkò rẹ ti se ẹran. Iṣu ti jinná. Apá rẹ ni mò ń retí.»